Ìbọ̀sẹ̀ Mi Lórí Rédíétọ̀ Rowena

Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Mill Bank,
Hexham, Northumberland.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Èrèlé, 2024.

Thelma, àbúrò mi tí oòrùn Sípéènì gbà lọ́wọ́ wa,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Desmond ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé orí rẹ̀ tó pá ti yéé bó, àbí ó ṣì pupa bí edé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ajá yín ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ èdè ibẹ̀ jù yín lọ? Ara tèmi le, a dúpẹ́, àfi àyà mi tí kì í sinmi nítorí ọmọ. O máa ń sọ pé bí n kò bá rí ìdààmú tèmi, n óò lọ yá ti aládùúgbò. Nígbà òtútù yìí, mi ò yá ti ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ bọ́ìlà Rowena ọmọ mi ni, ẹ̀rọ tí ń se omi tó ń mú gbogbo ilé wọn móoru. O rántí pé nígbà tí òun àti Fergus ọkọ rẹ̀ ra ilé wọn, wọ́n yọ bọ́ìlà àtijọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n ní ó ń jẹ gáàsì jù. Wọ́n wá ra irú ti òde òní, èyí tó ń fa ooru inú èéfín ara rẹ̀ títí èéfín ọ̀hún yóò fi di omi tí ń kán sẹ́yìn ilé. Ahun paraku ni irú bọ́ìlà bẹ́ẹ̀. Bíi Desmond rẹ ni, kì í jẹ́ kí nǹkan kan lọ lásán. Ṣùgbọ́n irin kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba ooru lọ́wọ́ iná, tó sì ń gbé e fún omi tí ń yí ilé ká nínú àwọn rédíétọ̀, irin pẹlẹbẹ ara ògiri tí ń mú yàrá móoru. Irin agbooru yìí ló sọ wọ́n di ẹni ẹ̀rín. Àkọ́kọ́ dí, ó sì sán. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, èkejì ń pariwo bí omi tíì tó ń hó, òun náà sán. Ẹ̀kẹta wá jò nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, tí yìnyín bo ọ̀nà, tí oyún Rowena sì ti wọ oṣù kẹsàn-án.

Ṣé o wá rí ohun tó gba oorun lójú mi? Ọmọ ọwọ́ ń bọ̀ wá sínú ilé tí èèyàn ti ń rí èémí ara rẹ̀.

Mo kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Mo ti kun yàrá òkè ní àwọ̀ ìyeyè, mo ti to bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ni Rowena bá ní, "Màmá, ẹ ṣé o, àmọ́ inú ilé tiwa ni ọmọ mi yóò ti sun oorun àkọ́kọ́ rẹ̀." Orí kunkun rẹ ló jogún, kì í ṣe tèmi.

Fergus, tó ń kọ́ ọmọ ilé ìwé nípa òkè àti odò, wá sọ ara rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ìlà. Bí a bá ń jẹun, bọ́ìlà. Bí a bá ń fọ abọ́, bọ́ìlà. Ó ń ki wọ́n bí ẹni ń ki ẹṣin eré ìje. Níkẹyìn, ó fọkàn sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì, tó tóbi débi pé ó lè mú òtẹ́ẹ̀lì móoru. Ó ní, "Èyí ò lè bàjẹ́ láé, Màmá." Mo ní, "Ohun tí o sọ nípa èyí tó bàjẹ́ náà nìyẹn, ọkọ ọmọ mi." Rowena ta mí nípàá lábẹ́ tábìlì.

Ọ̀gbẹ́ni Pickard tó máa gbé bọ́ìlà náà wọlé wá wo ibi tí yóò gbé e sí. Mo tẹ̀ lé wọn lọ, nítorí ta ni yóò po tíì? Bí mo ti gbé ife àti bísíkíìtì lé e lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá èyí tí ooru rẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí èyí tó bàjẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, bí mo bá sá ìbọ̀sẹ̀ sórí rédíétọ̀ ara ògiri yìí, ọrùn rẹ̀ á gbẹ, ibi ọmọ ìka á tutù rinrin."

Rowena fọwọ́ bojú. "Màmá! Ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yìí náà! Ẹ ti sọ ilé wa di ilé alágbàfọ̀, ẹ tún fẹ́ fi lọ àlejò?"

Ṣùgbọ́n Pickard ti dẹ́kun jíjẹ. Ó ní, "Ìyá, ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó kúnlẹ̀, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó tú bóòtù ìsàlẹ̀ rédíétọ̀. Thelma, omi tó jáde dúdú ju bíà dúdú tí Bàbá wa máa ń mu lọ! Abọ́ kún, ó ṣàn kọjá. Fergus figbe ta, "Rọ́ọ̀gì wa o!" Rọ́ọ̀gì aláwọ̀ wàrà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, èyí tí o fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó ni. Má bínú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Pickard ní àwọn rédíétọ̀ àtijọ́ tí wọ́n bá nílé náà ló ń dípẹtà nínú, tí ìpẹtà di ẹrẹ̀, tí ẹrẹ̀ jókòó sísàlẹ̀ tí ooru ò fi débẹ̀, tí ìyókù sì ń bá omi lọ há irin agbooru lọ́fun. Bọ́ìlà àtijọ́ ọ̀fun rẹ̀ gbòòrò, ó ń gbé ẹrẹ̀ mì, ó ń gùnfẹ̀. Ti òde òní, ọ̀fun rẹ̀ tín-ín-rín. "Ẹ lè ra ti ọba," ó ní, "ẹrẹ̀ yìí á pa á."

Fergus ní, "Kí ló dé tí àwọn tó ń pààrọ̀ irin kò sọ fún wa?"

"Irin lẹ pè wọ́n wá pààrọ̀."

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dára, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n fi omi fọ gbogbo ọ̀nà omi ilé náà títí ó fi mọ́ bí ti ìsun. Wọ́n de asẹ́ tó ní òòfà mọ́ ọn, kí ó máa mú ìpẹtà tó bá kù. Bọ́ìlà tí wọ́n wá yàn kò tóbi, kò lórúkọ ńlá: ó mọ níwọ̀n ilé wọn, irin tí kì í dípẹtà ni agbooru rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ sì fẹ̀ díẹ̀. Ìlú wa níbí ni wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, Pickard fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún. Fergus ṣọ̀fọ̀ ti Jámánì rẹ̀ títí di alẹ́.

Imogen ọmọ-ọmọ mi dé láyọ̀, ìyá rẹ̀ sì le koko. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé, yìnyín ń bọ́. Mo wọlé, mo ń fọwọ́ kan rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan lókè, lágbedeméjì, nísàlẹ̀, títí Rowena fi ní, "Màmá, ṣé ọmọ lẹ wá wò ni, àbí ògiri?" Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Mo bá padà sílé, mo jókòó ti yàrá aláwọ̀ ìyeyè tí kò lálejò. Èmi tí mo fi ẹnu ara mi lé ayálégbé mi lọ! Wọn ò pè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: àbí ó tún ti jò?

Láàárọ̀ yìí, fọ́tò kan wọlé sórí fóònù mi. Aṣọ ọmọ ni, wẹ́wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò gẹ́rẹ́gẹ́ sórí rédíétọ̀, Rowena alára ló sì sá wọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Wọ́n gbẹ dé ìsàlẹ̀, Màmá. Ẹ wá bá mi ká wọn."

Bá mi kí Desmond, kí ó máa dé fìlà. Bọ́ọ̀sì mi ti fẹ́ dé.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ,

Glenda.