Igi Ìwọ̀n Mi Kò Purọ́

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí ara tí kò le kò lè ru irú irọ́ tí o rù lọ bá agbẹ̀bí.

Kí wọ́n tó máa pè mí ní Ọba Gíláàsì, mo ti jìyà. Ìwé kẹta ni mo kà dé tí bàbá mi fi kú. Mo ru iyanrìn, mo sùn lórí àpò sìmẹ́ǹtì, gíláàsì gé ìka mi méjì débi pé wọn ò ká mọ́ dòní. Ọ̀gá mi lé mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Lónìí, gíláàsì tí mo bá tò kì í mì, kì í jò. Bí mo bá ń fọ́nnu, mo ní ohun tí mo fi ń fọ́nnu.

Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ìwọ gan-an ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ká kọ́ ilé onírin fún òun, tí òun á máa tọ́jú òdòdó sí: gíláàsì lára, ike lórí. Èmi ni mo fi igi wọn gbogbo ojú férémù òkè, ojú kan, igi kan, bí mo ti ń ṣe é láti ogójì ọdún. Mo kó igi mọ́kànlá fún ọ pé kí o fi gé ike. Láti kékeré lo ti mọ̀ pé ojú férémù ni igi mi ń wọ̀n, kì í ṣe ike. Ike máa ń wú bí oòrùn bá pa á. Ìbú ìka kan la fi ń dín in, kó lè rí ibi nà sí. Ìwọ gé e dọ́gba pẹ̀lú igi, o fi hámà lù ú wọlé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, agbẹ̀bí pè mí lórí fóònù: "Bàbá, ẹ máa bọ̀. Ilé yìí ń ké." Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Ike ti yọ ikùn bí aboyún oṣù mẹ́sàn-án, méjì ti fò jáde, wọ́n ń ti férémù títí gíláàsì kan fi là láti igun dé igun. Ó kù díẹ̀ kó já lé ìyá yẹn lórí. Ó wá sọ ohun tí o wí fún un nígbà tí ike kọ́kọ́ ń wú: "Ẹ má bínú, mà. Bàbá mi ò mọ̀wé, igi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti darúgbó."

Mo ki igi mi bọ ojú férémù. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Irọ́ ẹlòmíì a máa lo ogún ọdún. Tìrẹ ò lo ogún ọjọ́ tí òtítọ́ fi bá a.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mi ò lè tú ọ fó lójú obìnrin tó gbà ọ́ sọ́wọ́ nígbà tí o wáyé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣì í." Ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún: "Kò burú, bàbá. Ọjọ́ orí ló dé." Èmi! Ó ṣì ń korò lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi fúnra mi máa gun àkàsọ̀. Màá tú gbogbo ike yẹn, màá gé ìbú ìka kan kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá pààrọ̀ gíláàsì tó là. Ìwọ lo máa di àkàsọ̀ mú. Agbẹ̀bí á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, wàá sì fi ẹnu ara rẹ sọ ẹni tó ṣì í fún un. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn rẹ láti òkè, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹnu tó tó òtítọ́ í sọ. Kí ọmọ tí ìwọ náà bí má san irú èyí fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò tíì darúgbó,
Ọba Gíláàsì

Àfikún: Ìyá rẹ ní kí n yọ àwọn ibi tó le kúrò nínú lẹ́tà yìí. Mo yọ ọ̀kan. Ti ọjọ́ Ajé kọ́.