Fọ́ọ̀mù Tí Kò Gba A Dúpẹ́

Yẹ́misí Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Dagenham? Ṣé òtútù ò mú ọ jù? Àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ la òkun já kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbẹ̀. Àmín. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Kúnmi tún ti dé o, ọmọbìnrin oníwàádìí tó wọ̀n ọ́, tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ kí o tó wọkọ̀ òfurufú. Ó ní àwọn ará Filipíìnì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ fún, wọ́n wọ̀n wọ́n nílé, wọ́n tún tẹ̀ lé wọn dé ìdálẹ̀ lọ wọ̀n, kí wọ́n lè mọ ohun tí ìrìn àjò ń fi ara ènìyàn ṣe. Háà, Yẹ́misí! Ẹnu yà mí. Mo rò pé tí ènìyàn bá ti kọjá òkun, Ọlọ́run nìkan ló tún mọ bó ṣe ń sùn, àṣé ìwé wà tó ń bèèrè! Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ẹni tó kù sílé náà, kí wọ́n fi wé ẹni tó lọ. Èmi ni wọ́n mú fún tìrẹ.

Mo wọ léèsì méjì léra wọn, mo ró ìró mẹ́ta, kí ẹ̀rọ má baà lọ sọ fún Òyìnbó pé ọmọ mi kò bọ́ mi. Kúnmi ní kí n bọ́ wọn, a fà á díẹ̀ kí n tó bọ́ méjì. Ó wá so ọ̀já kan mọ́ mi lápá, ọ̀já náà ń wú fúnra rẹ̀, ó fún mi pinpin, ó sì ka ohun tó wà láyà mi jáde ní nọ́ńbà. Mo ní kó bá mi bi í bóyá o ti jẹun lónìí. Ó ní ẹ̀rọ náà kò mọ ìyẹn. Mo rò pé kò kàn fẹ́ sọ ni.

Ìgbà tó kan ìbéèrè ni wàhálà dé. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn, mo ní a dúpẹ́. Ó bi mí nípa orúnkún, mo ní a dúpẹ́. Ó ní ọkàn mi ńkọ́, mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní kò sí ibi kankan nínú fọ́ọ̀mù náà tí òun lè kọ a dúpẹ́ sí. Mo ní irú ìwé wo nìyẹn, ṣé wọn ò kọ́ ẹni tó kọ ọ́ nílé ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń dáhùn, àwa tí a wà nílé àti àwọn tó lọ. Ìwé ní ara gbogbo wa le, ẹ̀jẹ̀ wa ní irọ́ ni.

Mo wá sọ òótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú mi láti oṣù Ẹrẹ́nà, mi ò sọ fún ọ nítorí a kì í ránṣẹ́ àìsàn sí ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀. Ó bi mí bóyá mo máa ń dá nìkan sunkún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni mo bá bi í pé kí ni ìwọ Yẹ́misí fi dáhùn nígbà tí wọ́n bi ọ́ ní ìyẹn. Ó ní èèwọ̀ ni, òun ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń di ẹrù rẹ̀, kò wojú mi. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí.

Òògùn mi ti fẹ́ tán, fi owó ẹ̀ ránṣẹ́. Owó oúnjẹ tí o máa ń fi kún un, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, gbé e lọ sí ọjà East Street, kí o fi ra ẹran tó dára, kí o sì jókòó jẹ ẹ́. Olúwa yóò bá mi fi ojú rere wò ọ́. Ara tí o gbé kúrò nílé, òun náà ni wàá gbé padà wá bá mi.

Kí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Má wulẹ̀ kí mi. Bó bá jẹ́ ẹkún ló kọ́kọ́ wá, máa sun ún, mo ń gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hùmúàní Ládélé.