Ẹ̀wù Kejì: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alhaja Tọ̀yìbátù Dosi Fàsásì, 1952 sí 2025

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, ọdún 1952, ni a bí Alhaja Tọ̀yìbátù Dosi Fàsásì ní ìlú Àgbádárìgì, nínú ilé kan tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Bàbá wọn ni Olóògbé Abdulrauf Jayéọlá, ọmọ Àwórì láti ìhà Òjó, tí ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó àgbọn wọ ìlú. Ìyá wọn ni Olóògbé Nàfísátù Sènami, ọmọ Ègùn, ọmọ bíbí Àgbádárìgì. Ìbejì ọkùnrin, Zinsu àti Sagbo, ni ìyá wọn kọ́kọ́ bí. Ọmọbìnrin tí ó bá sì tẹ̀lé ìbejì ni àwọn Ègùn ń pè ní Dosi. Orúkọ yìí ni gbogbo ilé fi ń pe Alhaja títí wọ́n fi lọ sí ilé ọkọ.

Sagbo kú kí ó tó pé ọmọ ọdún méje. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí ìyá wọn bá rà fún Zinsu, méjì ni ó ń rà. Bí ó bá jẹ́ aṣọ Iléyá, búbá méjì. Bí ó bá jẹ́ àkàrà, èkejì a lọ sọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò. Bí wọ́n ti ń ṣe é nínú ilé náà nìyẹn. Ìbejì tí ó kù kì í gba tirẹ̀ nìkan. Dosi kékeré ni a máa ń rán láti gbé ìpín kejì jáde.

Alhaja bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1958, wọ́n sì jáde ní ilé-ìwé Mọ́dà ní ọdún 1967. Níbẹ̀ ni olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Mọ́tọ́lá, ti fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti ìdì wúlù kan lé wọn lọ́wọ́, tí ó sì kọ́ wọn bí a ti ń hun fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà. Àwọn ọmọbìnrin yòókù nínú kíláàsì náà kó abẹ́rẹ́ wọn dànù ní ọjọ́ tí ìdánwò parí. Alhaja kò kó tiwọn dànù. Wọ́n máa ń ka ojú òwú lábẹ́nu bí ẹni ń fa tẹ̀súbà, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi dé etí ìlà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1974 ni a so yìgì wọn pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú Fàsásì, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Inú yàrá kan ṣoṣo ní àárín ìlú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1988, wọ́n kó lọ sí ilé ara wọn ní Ibereko, níbi tí Alhaja gbé títí di ọjọ́ ikú. Ọlọ́hun fi ọmọ mẹ́ta ta ìgbéyàwó náà lọ́rẹ.

Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Alhaja fi ta ohun èlò ọmọ tuntun ní ọjà Àgbálátà: ọṣẹ, pàúdà, nápíkìn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn hun kì í ṣe títà. Bí oníbàárà bá nawọ́ sí súwẹ́tà tí ó wà lórí abẹ́rẹ́, wọn a fà á sẹ́yìn.

“Ti ilé ni èyí o,” ni wọ́n máa ń sọ.

Kò sí ọmọ tí a bí sínú ìdílé yìí tí fìlà, súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò pé kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Zinsu, ẹ̀gbọ́n wọn, kò yé fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

“Dosi, ṣé yìnyín ń bọ̀ ní Àgbádárìgì ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì létí òkun ní oṣù Kẹjọ, kí ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí fún mi.”

Ọkọ wọn, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a máa ráhùn pé wúlù ti gba àga òun. Alhaja a kó o kúrò lórí àga náà láìjanpata. Bí ọkọ wọn bá ti dìde lọ ṣe àlùwàlá, wọn a dá a padà.

Alhaja di ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù mú gírígírí. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1999. Wọn kì í pa ìpàdé Àsàlátù jẹ, àwọn ni wọ́n sì máa ń pè láti wẹ òkú obìnrin ní àdúgbò, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, Ọláfúnkẹ́, aya Mukhtar tí í ṣe àkọ́bí wọn, bí ìbejì obìnrin. Alhaja ti hun méjì-méjì dè wọ́n. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé oṣù mẹ́rin, ibà gbé Kẹ́hìndé lọ ní ọjọ́ méjì. A rò pé Alhaja yóò pa iṣẹ́ wúlù tì fún ìgbà díẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí abẹ́rẹ́ tún fi ń ró nínú pálọ̀. Méjì ni wọ́n ń hun. Bí ọdún ti ń yí, ẹ̀wù Táíwò ń gùn sí i, apá rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Ẹ̀wù Kẹ́hìndé kò kúrò ní ìwọ̀n ọmọ oṣù mẹ́rin. Bí ti Táíwò bá tilẹ̀ gba oṣù mẹ́fà kí ó tó parí, ti Kẹ́hìndé a máa jáde lóṣooṣù. Ní ọjọ́ Alàmísì àkọ́kọ́ nínú oṣù, Alhaja a dì í sínú ọ̀rá, wọn a gbé e jáde. Bí wọ́n bá padà dé, ọwọ́ wọn a ṣófo.

Ọkọ wọn bi wọ́n léèrè.

“Ìyá Mukhtar, níbo ni o ń gbé ẹ̀wù yẹn lọ?”

“Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní ni.”

“Ta ni ẹni náà?”

“Bàbá Mukhtar, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ náà bàjẹ́ nìyẹn.”

Kò tún bi wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun gbogbo tí ó ń wọlé àti èyí tí ó ń jáde nínú ilé rẹ̀.

Ní ọdún 2015, àwọn obìnrin mọ́sáláṣí yan Alhaja láti jẹ oyè Ìyá Àdínì. A ti dá ọjọ́ ìwéwàní. Ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà ni obìnrin kan wá sọ fún àwọn àgbààgbà pé òun rí Alhaja ní ọjọ́ Alàmísì pẹ̀lú ẹ̀wù ọmọdé lọ́wọ́, tí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá wọn kọjá, tí wọ́n dorí kọ ọ̀nà ọ̀sà. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ kí ó tó di pé Alhaja ń bọ òkú ọmọ. Àwọn àgbààgbà ránṣẹ́ pe ọkọ wọn.

“Bàbá Fàsásì, ẹ̀yin lẹ ń bá a gbé. Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún un?”

“Èmi ò mọ ibi tí ó ń gbé e lọ.”

Ohun tí ó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti ba orúkọ obìnrin jẹ́. Oyè náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ ìwéwàní, Alhaja wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n bá olóyè tuntun tún ìborùn rẹ̀ ṣe nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé e. Wọn kò bá ọkọ wọn jà. Wọ́n gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà bí wọ́n ti ń gbé e kalẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Alàmísì àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n tún gbé ọ̀rá wọn jáde. Àwọn kan kò jẹ́ kí wọ́n wẹ òkú àwọn ènìyàn wọn mọ́. Ọdún mẹ́wàá ni Alhaja fi rìn láàárín irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó dá wọn dùbúlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí. Wọ́n jẹ́ ìpè Ọlọ́hun ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2025, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, a sì sin wọ́n ní ọjọ́ náà gan-an.

Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí wọlé wá kí wa. Nọ́ọ̀sì Àbáyọ̀mí ni, láti ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí ó wà lójú ọ̀nà ọ̀sà yẹn. Ó ní láti ọdún 2009 ni Alhaja ti ń gbé ẹ̀wù wá fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn wá bímọ láìní aṣọ kan lọ́wọ́. Ọkọ Alhaja bi í pé kí ló dé tí kò fi wá sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

“Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dè mí lẹ́nu, Bàbá,” ni nọ́ọ̀sì náà fèsì. “Wọ́n ní, ‘Nọ́ọ̀sì, ìyá ọmọ wo ni yóò fi ẹ̀wù ọmọ tó ti kú wọ ọmọ tirẹ̀? Wọn á bọ́ ọ dànù ni. Jẹ́ kí ara ọmọ náà móoru ná.’ Èmi ò mọ̀ pé ẹnìkan ń fìyà ẹ̀ jẹ wọ́n nílé.”

Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé Alhaja lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo wẹ ara wọn mọ́ lójú àwọn àgbààgbà. Wọn kò sọ ọ́, kí òtútù má baà mú ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀wù kejì kan ṣẹ́kù nínú àpótí, aláwọ̀ òféèfé, tí wọ́n ti parí kí àìsàn tó dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Alàmísì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ọkọ wọn gbé e dání. Kò dì í sínú ọ̀rá. Ó rìn láàárín ọjà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo ènìyàn ń wò ó. Ní ilé ìgbẹ̀bí náà, ó bá ọ̀dọ́bìnrin kan láti Mowo, tí ó bímọ ní ìjẹta, tí kò sí ẹnìkankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Gèlè ni ó fi wé ọmọ náà.

Ọkọ Alhaja ìbá ti fún un kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ìpamọ́ kankan tún wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó sọ ẹni tí ó hun ẹ̀wù náà fún un. Ó sọ ọmọ tí ó ni ín, ó sì sọ pé ọmọ náà ti kú. Ó ní bí kò bá fẹ́ ẹ, òun kò ní bínú. Nọ́ọ̀sì Àbáyọ̀mí gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà wo ẹ̀wù náà títí.

“Bàbá, Kẹ́hìndé yín yẹn, ṣé ó ti pẹ́ tó kú?”

“Ọdún mẹ́rìndínlógún.”

“Á ti dàgbà ju ẹ̀wù yìí lọ nígbà náà. Ẹ mú un wá, òtútù ń mú ọmọ mi.”

Ó ní kí bàbá bá òun gbé orí ọmọ náà dání títí òun yóò fi wọ ẹ̀wù náà fún un. Bàbá sì gbé e dání. Ẹ̀wù náà bá ọmọ náà mu, ó tóbi díẹ̀ ní apá. Nọ́ọ̀sì náà ní kò burú, ọmọ yóò dàgbà bá a.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọkọ wọn dìde ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìjọ láìfi ìkankan pamọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n a kì í fi òkú joyè. Ó fèsì pé kì í ṣe oyè ni òun wá gbà. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ti ọjọ́sí ni òun fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòní. Nítorí èyí náà ni a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àdúrà ogójì ọjọ́ yìí, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mú un lọ sílé kà.

Alhaja fi ọkọ sílẹ̀ sáyé, Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú Fàsásì. Àti ẹ̀gbọ́n, Bàbá Zinsu Jayéọlá. Àti àwọn ọmọ, Mukhtar, Fàthíà àti Khaleel. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, bí a bá ka Kẹ́hìndé mọ́ wọn, a sì kà á.

Tọ̀yìbátù Dosi, Ìyá Mukhtar, kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ tí o ṣe láìfọhùn, kí Ó fi àánú Rẹ̀ bò ọ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ rẹ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ níwájú gbogbo ènìyàn. Kí ilẹ̀ Àgbádárìgì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Sùn re o.