Omi tí Ìyá Ò Mu

Basin, Ìlọrin
Oṣù Kẹta, 1993

Bọ̀dá Sálíù,

Mo kí yín tìyàwó tọmọ, ẹ kú ààwẹ̀. Ewúrẹ́ yín bí méjì.

Ìléròrò tí wọ́n ń pè ní háápìsì lójú Ìyá ti ń gbẹ. Wákàtí kan ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ fi ń rọra kán wọ iṣan. Dókítà ní kó máa mu omi dáadáa, kí oògùn má ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Mò ń gbé omi fún un, ó ní òun ń mu ún. Àṣé àlùwàlá ló ń fi ṣe, ààwẹ̀ ló ń gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú báyìí.

Lẹ́tà yín ni mo bá lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀: “Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ba ààwẹ̀ yín jẹ́.” Bọ̀dá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n tọ́jú rẹ̀.

Ẹ kọ òmíràn sí i pé kó mu omi, kó san ààwẹ̀ padà tára bá yá. Kò gbọ́ tèmi. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí títí lẹ́tà náà yóò fi dé.

Àbúrò yín,
Sàfúrátù