Bọ́tìnnì Méjì Tó Fara Kan Ara Wọn

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà lórí èmi ọmọ yín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àti Bàbá. Mo kí Àǹtí Bísí tó máa ka ìwé yìí sí yín létí. Mo ti ní kí ìwé ìròyìn tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde, kí ará Ìjẹ̀bú-Òde má bàa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ẹlòmíràn.

Òtútù ìlú Òyìnbó yìí ò ṣe é fẹnu sọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nilẹ̀ ń ṣú, n ò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ilé iṣẹ́ wa ló ń ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń darí ẹ̀rọ ńláńlá. Lókè ojú kọ̀ǹpútà náà, a máa ń ya bọ́tìnnì kéékèèké sí, ìlà lórí ìlà. Ẹni tó ń lò ó á na ọfà kékeré tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà sí èyí tó fẹ́, á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á sì ṣe é. Èmi ni mò ń to àwọn bọ́tìnnì yẹn: èwo ló yẹ kó ṣáájú, èwo ló yẹ kó jìnnà sí èwo.

A ṣe ọ̀kan fún ilé iṣẹ́ tó ń pa aṣọ láró. Bọ́tìnnì rẹ̀ lé ní ogójì. Mo tò wọ́n bí ẹ ṣe ń to ilé ìdáná yín, tí ẹ kì í jẹ́ kí ìgò kẹrosíìnì bá ìgò òróró gbé orí pákó kan náà. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní kò gún régé. Ó ní kí n tò wọ́n ní a-bí-dí, kí gbogbo wọn ní àwọ̀ eérú kan náà. Bí bọ́tìnnì tó ń fi omi tútù ṣan aṣọ ṣe di aládùúgbò èyí tó ń tú omi híhó dànù nìyẹn, torí lẹ́tà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì.

Mo sọ fún un pé ó léwu. Mo tún kọ ọ́ sílẹ̀, mo fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo rántí pé òun lòun máa fọwọ́ sí ìwé ìgbélùú mi. Màmá, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Ìyá kan tó ń jẹ́ Dórísì ló ń lo ẹ̀rọ náà nílé iṣẹ́ aláró yẹn. Òun nìkan ló máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Lọ́jọ́ tí mo lọ kọ́ ọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní àwọn méjì yìí mà jọra jù. Mo ní kó ṣáà rọra.

Kò pé oṣù kan, Dórísì fẹ́ ṣan aṣọ, ó tẹ ti omi híhó. Ọkùnrin kan, Tọ́mù, wà nínú gọ́tà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń kó ìdọ̀tí. Omi híhó náà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dé itan. Ó ṣì wà lọ́sibítù. Dókítà ò tíì lè sọ bóyá á tún rìn.

Wọ́n ní Dórísì ló jẹ̀bi, pé ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá gbé ìwé síwájú mi, kí n fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ rí. N ò fọwọ́ sí i. Mo mú ẹ̀dà ìkìlọ̀ mi lọ bá àwọn tó ń wádìí ọ̀ràn náà, mo sì jẹ́wọ́ pé mo mọ̀, mo sì panu mọ́. Wọ́n dá Dórísì padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi, ilé iṣẹ́ wa ní kí n máa lọ. Lóṣù tó ń bọ̀, ìwé ìgbélùú mi á parí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mò ń bọ̀ wálé ló ń já mi láyà. Ilé iṣẹ́ mẹ́fà mìíràn ti ra ètò yẹn, bí mo ṣe tò ó gẹ́lẹ́. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dáhùn.

Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ní Ayépé àti gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ fojú sunkún ọmọ. Ẹ fi Tọ́mù sínú àdúrà, Màmá, kí ẹ sì fi àwọn ibi márùn-ún tí kò dáhùn sí i, torí wọ́n ń fi ètò yẹn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéṣínà