Ẹ Fi Ọ̀bẹ Iṣu Mi Pamọ́ Dè Mí

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú oko, ẹ kú òjò. Mo kí Màmá, mo kí tata Ràmá, àbúrò yín, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Sanson. Mo ti ní kí olùkọ́ ka lẹ́tà yìí síta lábẹ́ igi kajú iwájú ilé, torí ibẹ̀ náà ni tonton Sálífù, àbúrò yín ọkùnrin, ti ròyìn mi fún gbogbo ará ilé.

Irọ́ ni. Mi ò fi ìrun kíkí sílẹ̀, mi ò fẹ́ ìyá arúgbó kankan, mi ò sì forí balẹ̀ fún ère. Tonton gbé iṣu wá sí Kútọnú, ó yọjú sí ilé tí mo ń gbé, ó bá mi níbi tí mo jókòó, tí mo dijú, tí ère kékeré kan wà níwájú mi. Kò kí mi, kò bi mí léèrè. Kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e dé Tchaourou, ó ti bá mi fẹ́ ìyàwó tó ju Màmá lọ lọ́jọ́ orí.

Màmá Láànì ni à ń pe ìyá tó ni ilé náà. Fiẹtinámù ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Parakou kan tó ṣe ṣójà fún àwọn Faransé ló fẹ́ ẹ níbẹ̀, tó mú un wálé. Ọkọ ti kú, ìyá kò padà. Ó ń ta ọbẹ̀ olómi àti ìrẹsì tí wọ́n fà bí okùn, àwa tó ń já ẹrù ní gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, la sì ń jẹ ẹ́. Iṣu yín lè ti gba èjìká mi kọjá tí mi ò mọ̀. Láàárọ̀, aṣojú ìgbìmọ̀ ìjọba á kó wa jọ, á pè wá ní kámárádì, bí àwọn ìjọba tuntun ṣe ń pe ara wọn, á sọ̀rọ̀ rẹfolúṣọ̀n, ìyípadà tí wọ́n ní àwọn mú wá, títí oòrùn á fi mú. Kámárádì Búdà ló ń pe èmi, nítorí ère yẹn. Mo ní kó gbé àpò kan ná kó tó máa sọ mí lórúkọ.

Ọyẹ́ kì í dé ibí. Òkun ń dún láìsinmi, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ tí ilẹ̀ kò mọ́. Ní òjò àkọ́kọ́ tí mo bá níbí, ara mi wà ní Kútọnú, ọkàn mi wà lóko yín. Màmá Láànì bi mí níbo ni mo wà. Mo ní iwájú rẹ̀ ni. Ó ní irọ́, ọbẹ̀ mi ti tutù.

Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ó ní kí n máa ṣọ́ èémí mi bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Bí ọkàn bá rìn lọ, kí n má nà án, kí n rọra pè é padà bí ewúrẹ́. Mo bi í ta ló wà nínú ère yẹn. Ó ní kò sẹ́ni níbẹ̀, àwòrán ọkùnrin kan ni, ìtumọ̀ Búdà sì ni ẹni tó jí. Àwa yòókù ń rìn, à ń jẹun, à ń jà, lójú oorun. Ó ní àná ò sí mọ́, ọ̀la ò tíì sí, ìsinsìnyí nìkan ló wà, ó sì ń wá wa délé lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kì í bá wa nílé. Mo bá a jiyàn. Ó tún ní ẹni tó kú ń padà wá, kì í ṣe òun gan-an, kì í sì ṣe ẹlòmíì, bí iná àtùpà tí wọ́n fi tan àtùpà míì. Mo ní ẹ̀sìn wa ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní kí n gbà á, kí n ṣáà mu ọbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ iná yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá sọ fún un bí ẹ ṣe ń wa iṣu àkọ́kọ́: bí ẹ ṣe ń la ẹ̀gbẹ́ ebè, tí ẹ ń fọwọ́ wá iṣu, tí ẹ ń gé e lábẹ́ orí, tí ẹ ń da erùpẹ̀ padà kí ìtàkùn má mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Orí náà á tún ta iṣu kéékèèké, àwọn la ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní iṣu tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi, ṣé ó ti kú? Màmá Láànì gbé ìgbakọ ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n tún sọ ti ọwọ́ yín. Mo ní ẹ kì í sọ̀rọ̀ nídìí ebè, ẹ kì í sì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, torí bí ọkàn ẹni bá lọ, ọ̀bẹ á gé gbòǹgbò. Ó ní ẹ ti kọ́ mi tán kí òun tó mọ̀ mí.

Nígbà tí mo bá dijú, Bàbá, kì í ṣe ère ni mo ń rí. Oko yín ni: ìrì lára ewé, ẹ̀yìn yín tó tẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mi ò mọ̀ bóyá ọmọdé ni mí àbí mo ti dàgbà. Lẹ́yìn náà oko á lọ, èémí nìkan á kù.

Wọ́n ní ẹ ti sọ pé mi ò ní fọwọ́ kan ebè yín lọ́dún yìí, pé Ràfíù ọmọ tonton lẹ máa fún ní ọ̀bẹ mi. Nílé wa, àkọ́bí ọkùnrin ló ń bá bàbá rẹ̀ la ebè àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gba ọ̀bẹ yẹn lọ́wọ́ mi, àlejò ni mo dà. Mi ò ní tọrọ àforíjì fún ohun tí mi ò ṣe, mi ò sì ní sọ pé mi ò mọ Màmá Láànì. Mo ń bọ̀ kí ẹ tó la ti àkọ́kọ́. Màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, màá dákẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera, kí òjò rọ̀ níwọ̀n, kí iṣu ta. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àti tonton Sálífù náà.

Ẹni tó gbé iṣu wá lẹ́yìn tonton ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi, mo sì ti ń ka àwọn tó dúró tì mí. Màmá, tó ní kí tonton gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi wa. Tata Ràmá, tó bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí mò ń sọ fún ère. Olùkọ́, tó gbà láti ka lẹ́tà yìí sókè. Mo dé ọ̀dọ̀ yín, Bàbá, mo ṣíwọ́ kíkà. Àyè yín ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni Ìdírísù, ọmọ yín.