Máàkì Méje Tí Mo Fi Síwájú Orúkọ Dára

Màámi àtàtà,

Mo ti wà ní Mowe báyìí, lọ́dọ̀ Àǹtí Bùnmi, àbúrò yín. Ara mi le. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, wọ́n sì ti fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan, níbi tí mo ti ń jókòó sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń rí mi lára ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Mo ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Kóòṣì kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí títì márosẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti àárọ̀ Sátidé. Nítorí pé n kì í pa ìdánrawò jẹ, tí n kì í sì í sọ̀rọ̀, ó ní kí n máa mú rẹ́jísítà. Bí ọmọ bá wá, mo máa fi máàkì síwájú orúkọ rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tó bá pa á jẹ lẹ́ẹ̀mẹrin kò ní bá wa lọ sí ìdíje ní Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ràn òfin yẹn. Ẹ̀yin náà ì bá fẹ́ràn rẹ̀.

Rọ̀fíà nìkan ló ń bá mi ṣeré níbẹ̀. Láti Ibafo ló ti ń wá. Ọjọ́ tí kò bá tètè rí ọkọ̀, á fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ lára ọ̀nà, á dé pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ́jísítà, ẹ má tíì pa ìwé yẹn dé o! Mo ti dé!"

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò lè kúrò lára ògiri. Díẹ̀díẹ̀, ní gbogbo ìgbà tó ń wá, èémí rẹ̀ balẹ̀. Ó ti ń mí nínú omi báyìí bí ẹni tó ń sùn.

Àwọn tó kù ńkọ́? Lónìí òjò ṣú, lọ́la wọ́n ṣe irun tuntun. Dára ló burú jù. Ètò ìjọ ni ìyá rẹ̀, Mọ́mì Dára, máa ń mú un lọ. Ó pa á jẹ lẹ́ẹ̀meje. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdíje, ìyá náà gbé ìgò òróró àdúrà dé, wọ́n sì ta á sórí fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ ọmọ wọn.

"Kóòṣì, a ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀. Ipò kìíní ni tiwa!"

"Àmín, Mọ́mì." Kóòṣì yíjú sí mi. "Ìwọ, fi máàkì sí gbogbo ọjọ́ tí Dára ò wá. Kí lò ń wò? Ṣé báírò ẹ ló máa tán ni?"

Ẹ̀yin náà máa ń gbàdúrà, Màámi. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń rìn lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́ ni ẹ máa ń gbà á, pẹ̀lú àpò mi léjìká yín.

Mo fi í sí i. Méje. Bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wá síbi ìdíje náà, tí wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ara wọn, Rọ̀fíà sì ni ìkẹrin. Kóòṣì fagi lé orúkọ rẹ̀, ó fi Dára sí i.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́ mi, tí mo wá lọ rẹ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mi lábẹ́ ẹ̀rọ omi kí ẹ lè rò pé mo lọ lúwẹ̀ẹ́? Ẹ gbé e símú, kò rùn kẹ́míkà inú omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ ò nà mí. Ẹ kàn sá a sórí okùn. Kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan?

Ní Abẹ́òkúta, Dára bẹ́ sómi dáadáa, ó yára dé ògiri òdìkejì. Bó ṣe ń padà bọ̀, èémí rẹ̀ tán. Ó di okùn mú láàárín omi, wọ́n sì fi ọ̀pá fà á jáde. Bí a ṣe fìdí rẹmi nìyẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí bó ṣe ń bi omi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pariwo.

"Ọ̀tá wà níbí! Ẹnìkan ti ṣe ọmọ mi!"

Kóòṣì sì gbé rẹ́jísítà wá síwájú àwọn òbí. "Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ yìí ò pa ọjọ́ kan jẹ!"

Wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn gan-an tó mọ̀ pé Dára kì í wá, wọ́n ń mi orí! Rọ̀fíà, tó bá wa lọ láti wá pàtẹ́wọ́, na ọrùn wo ìwé náà.

"Ìwọ lo fi gbogbo máàkì yìí sí i?"

Ó ká táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú ọkọ̀. Ẹnu kóòṣì ń rí mi lára, òróró ìyá yẹn ń rí mi lára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni n kò fẹ́ rí jù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Rọ̀fíà kò wá. Kóòṣì gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ mi, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i? Àwọn tí kì í ṣe déédéé nìyẹn."

Mo dìde. Gbogbo àwọn òbí wà níbẹ̀.

"Ó ń ṣe déédéé, sà. Dára ni kò wá lẹ́ẹ̀meje. Irọ́ ni máàkì yẹn, èmi ni mo kọ ọ́."

"Jókòó!"

N kò jókòó. Ó ní n kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́, mo sì kó aṣọ mi.

Màámi, n kò mọ ilé Rọ̀fíà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni Ibafo. Ẹ mọ̀ pé ojú máa ń tì mí láti béèrè ọ̀nà, àní lọ́wọ́ ọmọdé. Lọ́la, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, mo máa wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, mo sì máa béèrè láti ilé dé ilé.

Èmi ni, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.